Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ẹrù Ránṣẹ́ láti Nàìjíríà sí Ìlú Ọba tí Aṣọ́bodè Kò Fi Ní Gbẹ́sẹ̀ Lé E

Kì í pé ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnìkan tó tún bi mí pé: "Ṣé mo lè fi ẹ̀wà ránṣẹ́ sí ọmọ mi ní London?" "Ẹja gbígbẹ ńkọ́?" "Èló ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó kó ẹrù fún un?" Mo ti ń fi ẹnu dáhùn ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ó wá yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ di páálí lè máa tẹ̀ lé e bó ṣe ń dì í.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo di páálí kan fún àbúrò mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Manchester. Èlùbọ́, ẹja àrọ̀ gbígbẹ, ata gígún, àti aṣọ ìkókó mẹ́ta tí ìyá wa fọwọ́ rán ló wà nínú rẹ̀. Èmi náà ki ìdì kílíṣí kékeré kan bọ ìsàlẹ̀ páálí, mo ní kò tó nǹkan. Ajẹ́ńtì tó gba ẹrù lọ́wọ́ mi n'Ìbàdàn ló bá mi kọ fọ́ọ̀mù. "Foodstuff" nìkan ló kọ, ó sì fi iye owó tó wù ú sí i. Páálí náà kò dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Ìwé ló rí gbà, pé aṣọ́bodè ti gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù. Aṣọ ìyá wa bá kílíṣí lọ.

Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ohun méjì ni kí ẹ mú ní dandan: ẹ má fi ohun tí òfin kọ̀ sí inú ẹrù bó ti wù kó kéré tó, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó ra páálí: irú ẹrù wo ni?

Òfin tó kan ẹ̀bùn yàtọ̀ sí èyí tó kan ọjà títà. Ẹ wò ó bóyá tiyín bọ́ sí ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí:

- Ẹ̀bùn. Ènìyàn kan ló ń fi ránṣẹ́ sí ènìyàn kan, ẹni tó ń gbà á kò sanwó fún un, ó sì jẹ́ ohun tí òun tàbí ará ilé rẹ̀ máa lò. Ọjọ́ ìbí, ìsọmọlórúkọ, ọdún Kérésì tàbí Iléyá, gbogbo rẹ̀ wọ̀ ọ́.
- Ọjà tí ẹni ibẹ̀ rà lọ́wọ́ yín. Tí ó bá ti fi owó ránṣẹ́ sí yín lórí aṣọ náà, kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yín ni.
- Ẹrù ẹni tó ń kó lọ gbé níbẹ̀. Ìkòkò, aṣọ, ìwé, bẹ́ẹ̀dì, àwọn ohun tí ó ti ń lò nílé.
- Òwò. Ẹrù tí ẹ fẹ́ kí wọ́n tà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó bá kọ "gift" sórí ọjà tó tà, irọ́ ló pa fún aṣọ́bodè. Ìwé ìsanwó tí oníbàárà ní lọ́wọ́ lè tú àṣírí rẹ̀.

Ohun tó lè wọlé àti ohun tí kò lè wọlé

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀, torí ibí ni ẹrù púpọ̀ ti ń ṣègbé. Bí ẹ fi ránṣẹ́ o, bí arìnrìn-àjò gbé e sínú báàgì o, òfin oúnjẹ kan náà ni.

*Ẹ má ṣe fi wọ̀nyí sí i rárá:*

- Ẹran àti ohunkóhun tí wọ́n fi ẹran ṣe: sùyà, kílíṣí, ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, adìyẹ díndín, ọbẹ̀ tí ẹran wà nínú rẹ̀ tí ẹ gbé sínú fìríjì kó dì. Kò sí ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n á fi gbójú fò ó.
- Wàrà àti wàràkàṣì. Mílíìkì ọmọ ọwọ́ àti oúnjẹ tí dókítà pàṣẹ fún aláìsàn nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, tí kò bá ju kílò 2 lọ. Àwọn náà ní òfin tiwọn.
- Ẹ̀wà gbígbẹ. Mo mọ̀ pé èyí máa dun ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ní June 2015 ni ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, Ìlú Ọba sì wà nínú ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn. Dichlorvos, oògùn kòkòrò tí àwọn kan ń dà sí àpò ẹ̀wà bí wọ́n ṣe ń da ọ̀tapíápíá sí igun ilé, ló fà á. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láyè kò ju mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Wọ́n rí ẹ̀wà wa tí tirẹ̀ tó 4.6. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ra ẹ̀wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀.
- Tramadol àti oògùn ikọ́ tó ní codeine. Òfin oògùn olóró ló mú tramadol ní Ìlú Ọba. Àgbo tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì náà, ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí bí aṣọ́bodè ṣe máa mọ ohun tó wà nínú ìgò.
- Ìpara àti ọṣẹ abóra tó ní hydroquinone tàbí mercury.

*Èyí tó lè wọlé, ṣùgbọ́n tó ní ìwọ̀n tàbí ìwé:*

- Ẹja gbígbẹ àti edé. Fún ìlò ara ẹni, àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kílò 20 lọ. Ẹja tútù gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti tú ikùn rẹ̀. Kódà tó bá jẹ́ gbígbẹ, ẹ tú ikùn rẹ̀, kì í jẹ́ kó rùn.
- Oyin. Kò gbọdọ̀ ju kílò 2.
- Iṣu tútù, ẹ̀fọ́ tútù, ata rodo tútù. Wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn, èyí tí àwọn ajẹ́ńtì ń pè ní fáítò. NAQS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn àti ẹran wò, ló ń fúnni ní ìwé náà. Ẹni tó ń fi iṣu mẹ́ta ránṣẹ́ kò ní lè ṣe wàhálà yẹn, nítorí náà ẹ fi èlùbọ́ rọ́pò iṣu, kí ẹ sì sá ẹ̀fọ́ àti ata kó gbẹ.
- Ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Àwọn wọ̀nyí wà lára èso díẹ̀ tí Ìlú Ọba kò béèrè fáítò lé lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ á ti rà kí páálí tó dé, ẹ má dàmú ara yín.
- Ègúsí. Ẹ ṣa á dáadáa. Tó bá ti bu, májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin máa ń wà nínú rẹ̀, ojú kì í sì í rí i. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù ti ń yẹ ègúsí wò nítorí rẹ̀.
- Epo pupa. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Àwọn kan ń fi aró Sudan IV pa á láró kó lè pọ́n, aró náà kò sì bófin mu nínú oúnjẹ ní Ìlú Ọba.

Gàrí, èlùbọ́, ata gígún, ewédú gbígbẹ, ilá gbígbẹ, ògì gbígbẹ: àwọn wọ̀nyí ni kì í sábà fa ìjọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó bá ń fi ẹrù ránṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, inú wọn ni kó ti mú.

Ẹ má gbàgbé pé Nàìjíríà náà ní aṣọ́bodè

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ó pé ẹrù lè há ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà kó tó gbéra. Lára ohun tí ìjọba wa kò jẹ́ kó jáde ni àgbàdo, gẹdú tí wọn kò tíì sọ di nǹkan mìíràn, awọ ẹran tútù, irin àlòkù, àti ohun àdáyébá.

Lórí ère àti iṣẹ́ ọnà, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé àná ni wọ́n gbẹ́ ère ìbejì yín ní ọjà, aṣọ́bodè kò lè fi ojú lásán mọ̀ pé tuntun ni. Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì National Commission for Museums and Monuments kí wọ́n fún yín ní ìwé pé kì í ṣe ohun àdáyébá. Kí ẹ tọ́jú rìsíìtì ẹni tó gbẹ́ ẹ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ àwọn olórìṣà àti àwọn tó ń ra nǹkan fún oyè tún wà níbí. Eyín erin, awọ ẹkùn, awọ ọ̀nì, kò sí èyí tó lè kọjá láìsí ìyọ̀ǹda àgbáyé lórí ẹranko igbó. Ìkóóde náà wà níbẹ̀: láti 2017 ni odídẹrẹ́ ti wọ ìpele tí òfin ti le jù lọ nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí ẹranko igbó, ìyẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo sì tó láti dá gbogbo ẹrù dúró.

Dídi ẹrù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

1. Ẹ gbẹ oúnjẹ náà dáadáa. Ẹ tún gàrí yan díẹ̀ sí i. Ẹ sá èlùbọ́ àti ata sí oòrùn, kí ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó dì í. Tí ẹ bá dì í gbígbóná, á làágùn nínú ọ̀rá, á sì bu lójú ọ̀nà.
2. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ ṣa á. Kòkòrò kan tó ń rìn nínú èlùbọ́ lè sọ gbogbo páálí di ohun ìdáná sun. Ẹ má da oògùn kòkòrò sí i o.
3. Ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì-méjì, kí ẹ lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ọ̀rá tó mọ́ gaara ló dára jù, kí aṣọ́bodè lè rí inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi ọ̀bẹ là á.
4. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Èlùbọ́ àti gàrí jẹ́ ìyẹ̀fun tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé oògùn olóró ni. "Yam flour (elubo), 2 kg" ti tó.
5. Epo pupa: inú kẹ́ẹ̀gì oníke tuntun, kí ẹ má kún un dé ẹnu. Ẹ fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dé e, kí ẹ fi sẹ̀lótéèpù yí ìdérí rẹ̀ ká, kí ẹ sì gbé e sínú ọ̀rá mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ dojú rẹ̀ dé mọ́jú. Tí ẹ bá rí ẹ̀kán kan ṣoṣo láàárọ̀, ẹ pààrọ̀ kẹ́ẹ̀gì. Ẹ bèèrè kí ẹ tó dì í, torí àwọn kan kì í gbé ohun olómi rárá.
6. Aṣọ lọ́tọ̀, oúnjẹ lọ́tọ̀. Tí agbára bá gbé e, kí ó jẹ́ páálí méjì. Tí òfin bá mú oúnjẹ, ohun tó wà nínú páálí kan náà lè bá a lọ. Ẹ̀kọ́ tí kílíṣí kọ́ mi nìyẹn.
7. Ẹ lo páálí tuntun tó nípọn. Àpótí onígi ní òfin tirẹ̀: igi náà gbọ́dọ̀ ti gba ooru tàbí oògùn apakòkòrò, kó sì ní ISPM 15 lára, òǹtẹ̀ àgbáyé tó ń fi ìyẹn hàn. Àpótí tí káfíńtà àdúgbò kàn kò ní i.
8. Ẹ ya fọ́tò ìpele kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń tò ó, àti páálí lẹ́yìn tí ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ lé e lókè kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ pa.

Ẹ wọ̀n ọ́n nílé. Kì í ṣe ìwọ̀n kílò nìkan ni wọ́n ń wò. Àwọn tó ń fi bàálù gbé ẹrù ní kíákíá máa ń fi sẹ̀ǹtímítà wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga, wọ́n á sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á sì fi 5,000 pín in. Páálí tó gùn ní 50, tó fẹ̀ ní 40, tó ga ní 40, á jẹ́ 80,000. Ẹ pín in, ó di kílò 16. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá jẹ́ kílò 9 péré, owó kílò 16 lẹ máa san. Páálí tó bá ẹrù mu gẹ́lẹ́ ni kí ẹ lò.

Fọ́ọ̀mù: ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín kọ ọ́

Fọ́ọ̀mù tí ìfìwéránṣẹ́ ń lò ni CN22 fún ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju pọ́n-ùn 270 lọ, àti CN23 fún èyí tó ju bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ agbẹ́rù aládàáni ní tiwọn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló wà níbẹ̀: kí ni, mélòó, ìwọ̀n rẹ̀, iye rẹ̀, níbo ló ti wá, ṣé ẹ̀bùn ni àbí ọjà.

Páálí tí mo padà dì fún àbúrò mi, báyìí ni mo ṣe kọ tirẹ̀:

- Smoked dried catfish, gutted – 2 kg – £16
- Yam flour (elubo) – 4 kg – £8
- Ground dried pepper – 0.5 kg – £3
- Baby clothes, cotton, handmade, new – 3 pieces – £10
- Total £37. Gift. Origin: Nigeria

Ó dé. Kò sí ẹni tó tú u, àbúrò mi kò sì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lórí fọ́ọ̀mù:

- "Foodstuff", "personal effects", "provisions". Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò sọ nǹkan kan fún aṣọ́bodè, wọ́n kàn ń pè é wá tú ẹrù ni.
- Orúkọ Yorùbá nìkan. Ẹ kọ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú, kí "elubo" tẹ̀ lé e.
- Iye irọ́. Ẹ̀rọ alágbèéká tuntun tí ẹ kọ £10 sí lára kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Tó bá sọnù, £10 náà ni adójútòfò máa san fún yín.
- Kí iye owó má ní orúkọ. 30,000 kí ni? Náírà àbí pọ́n-ùn?
- Nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ẹni tó ń gbà á tí kò pé. Ẹ kọ póòsì-kóòdù rẹ̀, kí ẹ sì kà á sókè fún un kó gbọ́.

Owó tí ẹni tó ń gbà á lè san

Ẹ̀bùn tí iye rẹ̀ kò ju pọ́n-ùn 39 lọ kì í san VAT, owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, VAT rẹ̀ jẹ́ 20 nínú 100, wọ́n sì máa ń ka owó ìgbẹ́rù mọ́ ọn. Ẹ̀bùn £60 tí ẹ fi £40 gbé di £100. £20 ni VAT rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó gbé e wá á tún fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ lé e.

Owó ibodè yàtọ̀ sí VAT. Kò sí owó ibodè lórí ohun tí iye rẹ̀ kò ju £135 lọ. Ẹ̀bùn tó wà láàárín £135 sí £630, ìdá 2.5 nínú 100 ni, ó sì lè dín sí i fún àwọn ọjà kan. Ọtí, sìgá àti lọ́fíńdà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin tiwọn le ju báyìí lọ, ẹ má fi wọ́n sí i.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rárá. Tí páálí kan bá ní ẹ̀bùn fún ènìyàn mẹ́ta, tí ẹ dì ti ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, tí ẹ sì kọ ọ́ lọ́tọ̀ lórí fọ́ọ̀mù, kálukú ló ní £39 tirẹ̀. Bàbá, ìyá àti ọmọ nínú páálí kan ṣoṣo, ó bófin mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rán aṣọ tí ẹ ń tà á fún àwọn ará Ìlú Ọba lórí Instagram, £39 yẹn kò kàn yín. Láti January 2021, ọjà tí kò ju £135 lọ tí ẹ tà tààrà fún oníbàárà níbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ tà á ni òfin ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún VAT, kí ẹ gbà á nígbà tí ẹ bá ń tà, kí ẹ sì san án fún HMRC, àjọ tó ń gba owó orí níbẹ̀.

Ta ni ẹ máa gbé e fún?

NIPOST wà pẹ̀lú EMS, ètò ìfìránṣẹ́ kíákíá wọn, àwọn ilé-iṣẹ́ agbẹ́rù ńlá wà, àwọn ajẹ́ńtì kágò tó ń kó ẹrù ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ náà wà. Ti ajẹ́ńtì ló sábà ń dínwó, òun náà ló sì ń béèrè ojú jù. Ẹ bi í ní wọ̀nyí kí ẹ tó sanwó:

- Ṣé èmi ni mo máa kọ fọ́ọ̀mù, ṣé màá sì rí ẹ̀dà rẹ̀?
- Orúkọ ta ni ẹrù máa fi wọ Ìlú Ọba, tèmi àbí tiyín?
- Ṣé VAT wà nínú owó tí ẹ dá lé mi, àbí ẹni tó ń gbà á ló máa san án?
- Nọ́ńbà wo ni màá fi máa tọpa ẹrù, ọjọ́ wo ni ó máa ṣiṣẹ́?
- Tí ẹrù ẹlòmíràn nínú kágò náà bá ní ẹ̀sùn, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí tèmi?

Ẹni tó bá ní "ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, a mọ àwọn ènìyàn wa níbẹ̀", ẹ gbé páálí yín kúrò níwájú rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi dínwó ju bàálù lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó ń gbà. Ìkòkò, odó, àga lè bá a lọ. Oúnjẹ, bàálù ni kí ẹ fi gbé e.

Tí ẹ bá ń fi rán arìnrìn-àjò, kí ó tú báàgì náà lójú yín, kí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tún un dì. Tí ẹ̀yin bá ni arìnrìn-àjò, ẹ má gba ẹrù tí ẹ kò rí inú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ìyá ìyàwó yín. Ẹni tí báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni NDLEA máa mú.

Ẹni tó ń kó lọ gbé níbẹ̀

Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Transfer of Residence, tó ń jẹ́ kí ẹ kó ẹrù ilé yín wọlé láìsan VAT àti owó ibodè. Ohun tó ń béèrè nìyí:

1. Kí ẹ ti gbé ní ìta Ìlú Ọba fún oṣù 12 léraléra, ó kéré tán.
2. Kí ẹrù náà ti jẹ́ tiyín, kí ẹ sì ti máa lò ó, fún oṣù 6.
3. Kí ẹ kó o wọlé láàárín oṣù 12 tí ẹ débẹ̀.
4. Kí ẹ má tà á, kí ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni lò, fún oṣù 12 lẹ́yìn tó bá dé.

HMRC lẹ máa kọ̀wé sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹrù tó gbéra. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín ni ajẹ́ńtì máa lò. Àwọn tó kó ẹrù lọ ná kí wọ́n tó béèrè máa ń sanwó tí kò yẹ kí wọ́n san.

Ẹni tó fẹ́ fi ṣòwò

Èyí kọjá páálí, n kò ní wọ inú rẹ̀ jìnnà. Ní Nàìjíríà, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí fífi ọjà ránṣẹ́ sí òkè òkun, kí ẹ kọ NXP, fọ́ọ̀mù ọjà tó ń lọ sí òkè òkun, nípasẹ̀ báńkì yín, kí ẹ gba fáítò lọ́dọ̀ NAQS fún ohun ọ̀gbìn, àti ìwé NAFDAC fún oúnjẹ tí ẹ ti sè tàbí tí ẹ dì. Owó ọjà gbọ́dọ̀ wọlé padà sí báńkì láàárín ọjọ́ 180. Ní ìhà ọ̀hún, ẹni tó ń gbà á gbọ́dọ̀ ní EORI, nọ́ńbà tí aṣọ́bodè fi ń dá oníṣòwò mọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GB. Ẹ ní kí ó béèrè DCTS, ètò tí Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ ní June 2023 tó ń dín owó ibodè kù fún ọjà tó wá láti orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Owó ibodè kì í dín fún ẹni tí kò béèrè. Ní ti ẹja, kílò 20 ìlò ara ẹni kò bo òwò mọ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ńkọ́?

Ẹ má fi òfin Ìlú Ọba gbé ẹrù lọ síbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ohun tí kò ju dọ́là 800 lọ ń wọlé láìsan owó ibodè; láti 29 August 2025 ni wọ́n ti dá ìyẹn dúró fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ̀bùn tí kò ju dọ́là 100 lọ ṣì ní àyè tirẹ̀. Oúnjẹ tí ẹ rà ní ọjà, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, létí kó tó débẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Prior Notice. Èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín sè nílé, tí ẹ sì fi ta ènìyàn lọ́rẹ, wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹran kò lè wọ ibẹ̀ náà.

Tí ẹrù bá há

1. Ẹ fi nọ́ńbà ẹrù wo ibi tó wà lórí ojú ìwé ilé-iṣẹ́ tó gbé e. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé sórí fóònù pé kí ẹ san pọ́n-ùn kan tàbí méjì kí wọ́n lè tú ẹrù sílẹ̀, ẹ má tẹ líǹkì tó wà nínú rẹ̀. Àwọn oníjìbìtì ń fi irú rẹ̀ kó owó inú báńkì lọ.
2. Tó bá jẹ́ owó ni wọ́n ń béèrè, kí ẹni tó ń gbà á tètè san án. Ilé-iṣẹ́ tó gbé ẹrù sábà máa ń tọ́jú rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n tó dá a padà fún ẹni tó fi ránṣẹ́.
3. Tí ẹ bá gbà pé owó náà pọ̀ jù, kí ó san án ná, kí ó gba ẹrù, kí ó sì béèrè àlékún padà. Fọ́ọ̀mù BOR 286 ni fún ẹrù tó gba ọwọ́ ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀, ìyẹn Royal Mail tàbí Parcelforce. C285 ni fún ti àwọn agbẹ́rù yòókù. Ẹ tọ́jú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí, ẹ má jẹ́ kí ó yà á dànù.
4. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé e, ìwé á dé pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e. Oṣù kan péré ni ẹ ní láti kọ̀wé pé kò tọ́ lábẹ́ òfin. Notice 12A, ìwé àlàyé ìjọba wọn, ló ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa kọ ọ́. Ẹ so fọ́tò, rìsíìtì àti ẹ̀dà fọ́ọ̀mù mọ́ ọn.
5. Tó bá jẹ́ pé ẹran tàbí wàrà ló wà nínú rẹ̀, ẹ má ná owó lé ẹjọ́ náà. Ẹ tún páálí mìíràn dì.